Ayò Diplomacy àti ìbéèrè "ká ní": ohun tó mọ̀ nípa ogun 1914, àti ohun tí kò mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn Ogun Àgbáyé Kìíní á ti bá irú ìbéèrè yìí pàdé: ká ní Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ti bára wọn mulẹ̀ ńkọ́? Ká ní Ítálì dúró ti Ọ́sítríà títí dópin ńkọ́? Ká ní Rọ́ṣíà kàn ń wo Sẹ́bíà níran lọ́dún 1914, ṣé ogun náà á gba gbogbo ayé kan? Ayò kan wà tí èèyàn lè fi yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lórí tábìlì, Diplomacy lorúkọ rẹ̀. Allan B. Calhamer, ọmọ Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard lọ́dọ̀ Sidney Fay, onímọ̀ ìtàn tó wádìí ohun tó fa ogun náà, ló ṣe é ní 1954. Fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹ̀dà 500 jáde ní 1959. Wọ́n ṣì ń tà á dòní.

Ká ti sọ èrò wa ná: bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ ni, bí orílẹ̀-èdè méjì ṣe ń di ọ̀rẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń dalẹ̀ ara wọn, a ò tíì rí ayò tó mọ̀ ọ́n tó èyí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó dá ogun sílẹ̀ ni, ojú rẹ̀ fọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú rẹ̀ mọ́ àti ibi tó ti fọ́, kó má baà lọ máa fi ayò jiyàn ìtàn.

Àwòrán Yúróòpù ìbẹ̀rẹ̀ 1901 ló wà lórí pátákó rẹ̀. Àgbègbè 75 ni wọ́n pín in sí, 56 jẹ́ ilẹ̀, 19 jẹ́ omi. Nínú àwọn orí ilẹ̀, 34 ní ibùdó ìpèsè, ìyẹn ibi tó ń bọ́ ogun: ibùdó kan, ọmọ ayò kan. Ẹni méje ló ń ta á: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Ọ́sítríà-Họ́ńgárì, Rọ́ṣíà àti Tọ́kì. Ibùdó mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àfi Rọ́ṣíà tó ní 4. Ibùdó 12 kò ní olówó: Nọ́wè, Swídìn, Dẹ́nmárkì, Họ́lándì, Bẹ́ljíọ̀m, Spéìn, Pọ́túgàl, Tunis, Sẹ́bíà, Gíríìsì, Bùlgáríà àti Rùmáníà. Ẹni tó bá kó 18 jọ ló jẹ ayò.

Kò sí dáìsì níbẹ̀, kò sí káàdì. Irú ọmọ ayò méjì péré ló wà: ọmọ ogun orí ilẹ̀, tí à ń kọ ní A, àti ọkọ̀ ogun ojú omi, tí à ń kọ ní F. Agbára wọn dọ́gba, kálukú 1. Bí 1 bá forí gbá 1, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbi tó wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lé ẹlòmíràn kúrò níbi tó dó sí gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa tì í lẹ́yìn, ọmọ ogun tirẹ̀ ìbá à ṣe é, ṣùgbọ́n ó sábà ń jìnnà sí ibẹ̀. Aládùúgbò ló kù tó lè bẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ayò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kan pín sí ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé. Kí àṣẹ ìgbà àkọ́kọ́ tó jáde, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n á fi jókòó ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣẹ́jú 15 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta ayò á dìde ní méjì méjì, wọ́n á lọ sí kọ́rọ́, sí bàkọ́ní, sí ilé ìdáná. Ìlérí tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ kò ní òfin kankan tó dì í mú. Lẹ́yìn náà, kálukú á kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á sì ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà ìwọ́wé nìkan ni wọ́n ń ka ibùdó. Ẹni tó bá gba ibùdó kọjá nígbà ìrúwé láì dúró síbẹ̀ di ìwọ́wé, kò rí i gbà. Ọmọ ayò tuntun kò sì lè jáde àfi ní ibùdó ilé ẹni, ìyẹn èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀, tó ṣófo, tó sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá fi ọmọ ogun rẹ̀ sójú kan nílé nítorí ìbẹ̀rù, ó ti dí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ tuntun á gbà jáde nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń gbàgbé èyí.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ Bẹ́ljíọ̀m, ìgbà ìwọ́wé 1901. Jámánì ní A ní Ruhr, ó ní F ní Họ́lándì. Faransé ní A ní Burgundy. Gẹ̀ẹ́sì ní F ní Òkun Àríwá. Jámánì kọ "A Ruh–Bel", ìyẹn ni pé kí A tó wà ní Ruhr lọ sí Bẹ́ljíọ̀m, ó sì kọ "F Hol S A Ruh–Bel", ìyẹn ni pé Họ́lándì ń ti Ruhr lẹ́yìn. Agbára 2 nìyẹn. Faransé kọ "A Bur–Bel", agbára 1. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá jókòó jẹ́ẹ́, Jámánì wọlé. Àmọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ "F Nth–Hol", kò lè gba Họ́lándì o, ṣùgbọ́n ó ti kọlu ẹni tó ń tini lẹ́yìn, ìtìlẹ́yìn náà ti já. Jámánì padà di 1, Faransé jẹ́ 1, wọ́n forí gbárí, Bẹ́ljíọ̀m ṣófo. Ó sì lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ni Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí fún Jámánì ní kọ́rọ́ pé òun kò ní dá sí i. Kò sí ìkọlù tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kankan, síbẹ̀ ìmùlẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ìwé ìtàn máa ń sọ pé àwọn alágbára ayé àtijọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí gan-an ni ayò yìí ń fi hàn níbẹ̀ yẹn.

Ibi tó ti dára jù ni ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Láàárín 1898 sí 1901, àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì lójú. Lórí pátákó, ó lójú, ó sì tètè lérè. Nígbà ìrúwé, Gẹ̀ẹ́sì á kọ F Lon–Nth, F Edi–Nwg, A Lvp–Edi (London sí Òkun Àríwá, Edinburgh sí Òkun Nọ́wè, Liverpool sí Edinburgh). Jámánì á kọ F Kie–Den, A Ber–Kie, A Mun–Ruh (Kiel sí Dẹ́nmárkì, Berlin sí Kiel, Munich sí Ruhr). Nígbà ìwọ́wé, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Òkun Nọ́wè á gbé ọmọ ogun Edinburgh sọdá sí Nọ́wè. Jámánì á ti Kiel wọ Họ́lándì, ọkọ̀ rẹ̀ á sì jókòó sí Dẹ́nmárkì. Gẹ̀ẹ́sì di 4, Jámánì di 5, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì. Ìgbà òtútù, tí à ń bí ọmọ ayò tuntun, ló wá kù. Jámánì ní ọmọ méjì láti bí, ibùdó ilé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣófo. Bó bá fi A sí Munich àti Berlin, ojú rẹ̀ wà lára Faransé tàbí Rọ́ṣíà, ọkàn Gẹ̀ẹ́sì á balẹ̀. Bó bá fi F kan sí Kiel, ó ti tán. Kò sí ibi tí ọkọ̀ ogun kejì ti Jámánì fẹ́ wúlò sí ju Òkun Àríwá lọ, bó ti wù kó fi ẹnu dídùn ṣàlàyé rẹ̀ tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òfin ọkọ̀ ogun tí Tirpitz, mínísítà ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì, mú jáde ní 1898 àti 1900 ló gbé ọkọ̀ sí Kiel. Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé parí ìjà wọn ní 1904, ó bá Rọ́ṣíà parí tirẹ̀ ní 1907. Ẹni tó bá ń jiyàn pé ìmùlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ìbá ti gba ayé lọ́wọ́ ogun, kó jókòó sí àga Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹta péré. Á rí i pé ìbéèrè gidi ni pé: ká ní Jámánì kò kọ́ ọkọ̀ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ayò náà yí ìbéèrè padà sí èyí tó tọ́, ìdí tá a fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ítálì àti Ọ́sítríà náà dára, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a tú palẹ̀. Nínú gbogbo àwọn méje, àwọn méjì yìí nìkan ni ibùdó ilé wọn fara kan ara wọn: Venice àti Trieste. Ogun kò nílò kó rin ìrìn méjì kó tó wọlé. Bí Ọ́sítríà bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní Trieste lọ sí Albania láti lọ wá Gíríìsì, ògiri ti lanu nìyẹn, aláǹgbá Venice lè wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ ayò náà fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí méjèèjì fi ara wọn sílẹ̀, kí wọ́n jọ dojú kọ Tọ́kì. Ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà ni wọ́n ń pè ní Lepanto, orúkọ ogun ojú omi 1571. Ìrúwé 1901, Ítálì á kọ A Rom–Apu àti F Nap–Ion (Róòmù sí Apulia, Naples sí Òkun Ionian). Ìwọ́wé, ọkọ̀ Ionian á gbé ọmọ ogun Apulia sọdá sí Tunis. Ìgbà òtútù, F tuntun ní Naples. Ìrúwé 1902, ọkọ̀ iwájú á bọ́ sí ìlà oòrùn Mẹditaréníà, tuntun á gba ipò rẹ̀ ní Ionian. Ìwọ́wé 1902, ọkọ̀ méjèèjì á gbé ọmọ ogun Tunis lọ sí Syria láti yọ sí Smyrna, ibùdó ilé Tọ́kì, lẹ́yìn. Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí Tọ́kì ti tètè bí F sí Smyrna, kó sì ṣáájú bọ́ sí omi náà, tàbí kí wọ́n lé ọ̀kan nínú ọkọ̀ tó ń gbé ogun kúrò lójú omi. Bí ọ̀kan bá kúrò, gbogbo ìrìn náà já.

Àbùkù ibẹ̀ ni Tunis fúnra rẹ̀. Nínú ayò, Tunis kò ní olówó, Ítálì ló sì sábà ń mú un lọ́dún kìíní. Nínú ìtàn, Faransé ti gba Tùnísíà ní 1881, ìbínú ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó ti Ítálì sọ́dọ̀ Jámánì àti Ọ́sítríà ní 1882. Ìyẹn ni pé ayò náà fi ohun tó mú Ítálì wọ ìmùlẹ̀ tọrẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó wá ń yà wá lẹ́nu pé Ítálì kì í dúró ti ẹnì kankan lórí tábìlì! Ní 1914, Ítálì sọ pé òun kò dá sí ogun. Ní oṣù kẹrin 1915, ó bá Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé ní London. Ní oṣù karùn-ún, ó kéde ogun fún Ọ́sítríà. Ìlérí ilẹ̀ Ọ́sítríà, títí kan Trieste, ni wọ́n fi fà á. Trieste kọ́ ni ìṣòro, ayò mọ ìyẹn. Tunis ni kò mọ̀.

Kí a wá bọ́ sí ohun tó fa ogun. Ní ìrúwé 1901, Ọ́sítríà máa ń kọ "A Bud–Ser". Ọmọ ogun Budapest wọ Sẹ́bíà, ó tán. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú. Rùmáníà àti Galicia ló ń jẹ Rọ́ṣíà lọ́kàn. Ó tiẹ̀ lè bá Ọ́sítríà yọ̀. Ẹ wá fi ìyẹn wé 1914. Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, wọ́n pa Franz Ferdinand, àrólé oyè Ọ́sítríà, ní Sarajevo. Ọjọ́ 23 oṣù keje, Ọ́sítríà fún Sẹ́bíà ní gbèdéke. Ọjọ́ 28, ó kéde ogun. Ọjọ́ 30, Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ kóra jọ. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, Jámánì kéde ogun fún Rọ́ṣíà. Ọjọ́ 3, fún Faransé. Ọjọ́ 4, ó wọ Bẹ́ljíọ̀m, Gẹ̀ẹ́sì sì wọ ogun.

Kí ló dé tí ayò kò lè ṣe èyí? Ìdí ni pé nínú ayò, ogun ti ń lọ kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Gbogbo ọmọ ogun ló ti dìhámọ́ra láti ọjọ́ kìíní. Ní 1914, kíkó ogun jọ fúnra rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ètò Jámánì ni pé kí òun gba Bẹ́ljíọ̀m kọjá, kí òun ṣẹ́gun Faransé kí Rọ́ṣíà tó múra tán. Nítorí náà, bí Rọ́ṣíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra, Jámánì gbà pé òun kò lè dúró mọ́. Ìkánjú yẹn ló sọ ìjà ìlú méjì di ogun ayé. Kò sí ìkánjú nínú Diplomacy. Ìgbà ìrúwé àti ìwọ́wé kan gbogbo èèyàn lọ́gbọọgba. Bákan náà ni Bẹ́ljíọ̀m: Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn 1839 pé kí ẹnikẹ́ni má fi ogun kàn án. Lórí pátákó, Gẹ̀ẹ́sì gan-an máa ń sáré lọ gbà á.

Áfíríkà tún burú jù. Àgbègbè kan ṣoṣo, "North Africa", ló dúró fún Mòrókò àti Àlùjíríà, kò sì ní ibùdó, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìjà orí Mòrókò ní 1905 àti 1911 ló mú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ra tímọ́tímọ́. Ilẹ̀ tiwa kò sí níbẹ̀ rárá. Kámínà, nítòsí Atakpamé ní Tógò, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tó ń sọ èdè Yorùbá ń gbé, ni Jámánì gbé ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn ńlá sí láti máa bá àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun sọ̀rọ̀. Oṣù kẹjọ 1914 kò tíì parí tí wọ́n fi fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́, tí wọ́n sì juwọ́ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ọjọ́ 26. Ogun tó dé ẹnu ọ̀nà wa láàárín oṣù kan, pátákó tó parí sí etí aṣálẹ̀ kò lè sọ ìdí rẹ̀.

Àtúnṣe díẹ̀ wà tí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bó bá jẹ́ pé ìtàn ló ń wá. Ẹ fi àmì Faransé sórí Tunis láti ìbẹ̀rẹ̀, láì fi ọmọ ayò kún un. Ítálì á wá alátìlẹ́yìn lọ́ranyàn, ẹ ó sì rí 1882 lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún gbogbo tábìlì: bí Faransé bá tún mú Spéìn àti Pọ́túgàl, ibùdó 6 ló máa ní lópin 1901, ó sì lè bí ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Kí Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì tètè dí i lọ́nà. Èkejì ni ìwé àdéhùn: ẹni méjì lè kọ àdéhùn sílẹ̀ ní gbangba, ẹni tó bá dà á kò ní bí ọmọ tuntun ní ìgbà òtútù ọdún náà. Kí wọ́n dárúkọ àgbègbè àti ọdún sínú rẹ̀, bíi "Jámánì kò ní wọ Burgundy títí ìwọ́wé 1903 yóò fi parí". Bí wọ́n bá kàn kọ "a jẹ́ ọ̀rẹ́", iyàn ni gbogbo ọjọ́ á fi lọ.

Àwọn ohun tó ń ba ayò yìí jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le. Àkọ́kọ́ ni àkókò: kí ẹ ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀, wákàtí mẹ́fà kò pọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni ìkékúrú orúkọ. "Nor" lè jẹ́ Nọ́wè, Òkun Àríwá, Òkun Nọ́wè tàbí North Africa. Ẹ máa lo Nwy, Nth, Nwg àti Naf. Spéìn, Bùlgáríà àti St Petersburg ní etíkun méjì méjì, ọkọ̀ tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àṣẹ náà lè di asán. Ìtìlẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ bá àṣẹ ẹni tí à ń tì lẹ́yìn mu pátápátá: bí Munich bá ti Ruhr lẹ́yìn lọ sí Burgundy, tí Ruhr wá gba Bẹ́ljíọ̀m lọ, ìtìlẹ́yìn yẹn ti ṣòfò.

Bí ẹ kò bá pé méje, òfin rẹ̀ ní kí ẹni mẹ́fà yọ Ítálì, kí ẹni márùn-ún yọ Ítálì àti Jámánì. Fún ìbéèrè "ká ní", a kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ogun 1914 láìsí Jámánì kò lè dáhùn ohunkóhun. Ó sàn kí ẹ ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni lórí webDiplomacy àti Backstabbr, ẹ sì lè fi odidi ọjọ́ kan sí ìgbà kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní Houston á fi lè jọ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan pàdánù oorun. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà kò sì ní ìkánjú, àwọn èèyàn ń ronú jinlẹ̀ kí wọ́n tó dalẹ̀.

Ní ti ẹ̀dà tí ẹ máa rà, irin ni ọmọ ayò ẹ̀dà 1999, páálí ni ti 2008. Páálí ṣeé lò, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fáànù máa ń gbé e, tí ọmọ ogun Warsaw á fi bá ara rẹ̀ ní Ukraine. Bí èyí tí ẹ rí bá jẹ́ ti páálí, ẹ ya àwòrán pátákó náà sórí fóònù lẹ́yìn gbogbo ìgbà. Kí ẹ sì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú yín ní Ọ́sítríà. Aládùúgbò rẹ̀ pọ̀ jù, ó lè ti kúrò lórí tábìlì kí 1903 tó parí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò kò sì yẹ ní ẹni tí à ń fi wákàtí márùn-ún tó kù jókòó wo àwọn yòókù.